Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tó Wú, Ojú Tó Ń Funfun: Jẹjẹrẹ Orí àti Ọrùn Lára Àwọn Ọmọ Wa

Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé bá wú ní Ajah, nílùú Èkó, eyín ni ìyá rẹ̀ yóò kọ́kọ́ fura sí, tàbí ṣẹ́gẹdẹ̀. A kò lè bá a wí, nítorí pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú irú wíwú bẹ́ẹ̀, eyín tàbí ṣẹ́gẹdẹ̀ náà ni. Inú àwọn díẹ̀ tó ṣẹ́kù ni ọ̀rọ̀ wà. Lára àwọn díẹ̀ yìí, jẹjẹrẹ ló ń wú, bẹ́ẹ̀ a ti gbà lọ́kàn tipẹ́ pé àrùn àgbà ni jẹjẹrẹ, pé kí ni ọmọ ọdún márùn-ún tíì ṣe láyé tí yóò fi ní in. Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé bá mi gbé yẹ̀ wò ni pé èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ orí àti ọrùn àwọn ọmọ wa wà lára àwọn tí oògùn kápá jù lọ láyé. Àìsàn náà le, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ohun tó sábà máa ń sọ ọ́ di ikú ni àkókò tó ń ṣòfò láàárín ọjọ́ tí òbí kọ́kọ́ rí wíwú náà àti ọjọ́ tí oògùn tó bá a mu wọ ara ọmọ.

Jẹjẹrẹ ẹnu àti ọ̀fun tó ń ṣe àgbàlagbà sábà máa ń ti ọwọ́ tábà àti ọtí wá, ó sì máa ń gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kó tó fara hàn. Ti ọmọdé kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ara tó ń dàgbà ni sẹ́ẹ̀lì kan ti ṣìnà, tó bẹ̀rẹ̀ sí pín sí méjì méjì láìdúró. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń yára kankan. Ìdí kan náà nìyẹn tí oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì tó bá ń pín kíákíá fi ń rí i mú. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ àti ti ọpọlọ ló ń ṣáájú lára ọmọdé. Àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, ní nǹkan bí ọdún 1960 fi ohun mìíràn hàn nílẹ̀ Yorùbá: jẹjẹrẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní Burkitt lymphoma ló gba iwájú, jẹjẹrẹ ojú, retinoblastoma, sì wà lára àwọn tó ń tẹ̀ lé e. A tún ń rí jẹjẹrẹ kókó ọrùn tí wọ́n ń pè ní Hodgkin, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹran ara lẹ́yìn ojú tàbí nínú imú àti etí, àti ti ẹ̀yìn imú lára àwọn ọmọ tó ti ń bàlágà.

Ọdún 1957 ni Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Ireland tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Mulago ní Kampala, lórílẹ̀-èdè Ùgáńdà, rí ọmọkùnrin kan tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú lọ́tùn-ún lósì, lókè nísàlẹ̀. Kò jọ eyín tó kẹ̀, kò sì jọ jẹjẹrẹ egungun tó ti rí rí, nítorí pé ibi mẹ́rin ló ti wú lẹ́ẹ̀kan náà. Kò pẹ́ tó tún fi rí òmíràn tó jọ ọ́ ní ilé ìwòsàn mìíràn. Ó lọ tú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn, ó sì kọ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1958. Ní 1961, òun àti dókítà méjì mìíràn wọ mọ́tò, wọ́n rin nǹkan bí 10,000 máìlì káàkiri ìlà oòrùn àti gúúsù Áfíríkà. Wọ́n ń yà láti ilé ìwòsàn kan dé èkejì, wọ́n ń fi fọ́tò ọmọ tó ní àrùn náà han àwọn dókítà, wọ́n sì ń bi wọ́n bóyá wọ́n ti rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n fi àmì sí gbogbo ibi tí wọ́n ti rí i lórí máàpù, ó hàn pé ibi tó móoru tí òjò sì ń rọ̀ dáadáa ni àrùn náà ń gbé. Àwọn òkè gíga tó tutù kò ní in. Erékùṣù Zanzibar náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní in, bẹ́ẹ̀ ó móoru, òjò sì ń rọ̀ níbẹ̀. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé wọ́n ti gbógun ti ẹ̀fọn níbẹ̀. Máàpù jẹjẹrẹ yìí bá máàpù ibà mu.

Lọ́dún 1961 kan náà ni Anthony Epstein gbọ́ ọ̀rọ̀ tí Burkitt sọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí wá fáírọ́ọ̀sì nínú ẹran tí wọ́n gé lára wíwú àwọn ọmọ, èyí tí wọ́n ń fi bàálù gbé ránṣẹ́ sí i láti Kampala. Ní 1964, òun àti Yvonne Barr àti Bert Achong kéde pé àwọn ti rí i. Fáírọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó lọ́wọ́ nínú jẹjẹrẹ ọmọ ènìyàn nìyẹn, orúkọ Epstein àti Barr ló sì ń jẹ́ títí dòní.

Bí òbí bá gbọ́ pé fáírọ́ọ̀sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ohun tí yóò kọ́kọ́ bi wá ni pé ṣé ó ń ràn. Jẹjẹrẹ náà kì í ràn. Fáírọ́ọ̀sì ló ń gba inú itọ́ kọjá, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọmọ wa ló sì ti ní in lára kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta láìṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ó ṣeé ṣe gan-an kó wà lára ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí pàápàá. Nítorí náà, kí wọ́n máa lé ọmọ tó ń ṣàìsàn sẹ́yìn níbi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣeré, ìyà lásán ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Bí ó bá wá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń ní jẹjẹrẹ yìí? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé nǹkan mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pàdé. Fáírọ́ọ̀sì yóò wọ inú irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan, kò sì ní jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì náà kú nígbà tó yẹ kó kú. Ibà tó ń padà wá lemọ́lemọ́ yóò máa ti irú sẹ́ẹ̀lì kan náà láti pọ̀ sí i, yóò sì máa sọ àwọn ẹ̀ṣọ́ ara tó yẹ kó kápá fáírọ́ọ̀sì di aláìlágbára. Nínú pípọ̀ yìí ni àṣìṣe ti lè wáyé: apá kan krómósómù kẹjọ àti apá kan ìkẹrìnlá á ṣẹ́, wọ́n á sì pààrọ̀ ara wọn, àṣẹ tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó pín yóò wá di èyí tí kò dáwọ́ dúró mọ́. Ìkẹta yìí ni kì í ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ọmọ. Ẹ̀ṣẹ̀ ìyá kọ́, ẹ̀ṣẹ̀ bàbá kọ́, kì í sì ṣe ọwọ́ ayé.

Ọ̀rọ̀ ibà yìí kan Lẹ́kkí àti Ajah gbọ̀ngbọ̀n. Ilẹ̀ tóóró láàárín ọ̀sà àti òkun ni gbogbo ibẹ̀ títí wọ Ìbẹ̀jú, irà ló sì pọ̀ jù níbẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí fi yanrìn dí i. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà wà níbẹ̀, títí kan irú èyí tó ń pamọ nínú omi tó ní iyọ̀ díẹ̀ létí òkun. Ṣùgbọ́n ibà kò pín dọ́gba. Ọmọ tó ń sùn nínú ẹ́sítéètì tí nẹ́ẹ̀tì wà lójú fèrèsé rẹ̀, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ mọ́jú, àti ọmọ tó ń sùn nínú ilé pákó létí irà, ayé wọn yàtọ̀ síra, kódà bó jẹ́ ògiri kan ló là wọ́n láàárín. Ní Ìbàdàn, ìpín Burkitt nínú gbogbo jẹjẹrẹ ọmọdé tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ sílẹ̀ láti nǹkan bí ìdajì ní àwọn ọdún 1960 sí nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ní àwọn ọdún 1990. Ó bọ́gbọ́n mu láti rò pé oògùn ibà tó túbọ̀ dé ọwọ́ ènìyàn wà lára ìdí rẹ̀. Síbẹ̀, ká má yára yọ̀. Bí ilé ìwòsàn bá ń mọ àwọn jẹjẹrẹ mìíràn dá dáadáa sí i, ìpín Burkitt á kéré láìjẹ́ pé iye ọmọ tó ní in dín kù.

Àwọn kan wà ní agbègbè yìí tó gbà pé òpó tẹlifóònù, èéfín jẹnẹrétọ̀ tàbí ilé ìfọpo tó wà ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí ni ká di ẹ̀bi rù. Èéfín ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ìyẹn nìkan sì tó ìdí láti bá a jà. Ṣùgbọ́n Burkitt lymphoma ti ń pa ọmọ ní Ìbàdàn àti ní Ùgáńdà nígbà tí Ajah ṣì jẹ́ abúlé apẹja. Ẹni tó bá gbé ojú lé òpó orí òrùlé lè gbàgbé láti ta nẹ́ẹ̀tì sórí ibùsùn ọmọ, bẹ́ẹ̀ nẹ́ẹ̀tì yẹn ni ẹ̀rí wà fún.

Ojú ló kàn, òun ló sì rọrùn jù láti tètè rí. Inú ẹyinjú, lápá ẹ̀yìn, ni retinoblastoma ti ń hù, lára àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni ó sì wọ́pọ̀ jù sí. Bí a bá fi fíláàṣì ya ọmọ tí ojú rẹ̀ dá ṣáṣá ní fọ́tò, ọmọlójú méjèèjì sábà máa ń pọ́n. Bí ọ̀kan bá pọ́n tí èkejì funfun bí ojú ológbò lóru, tó sì ń rí bẹ́ẹ̀ nínú fọ́tò mélòó kan, ó yẹ kí dókítà ojú rí ọmọ náà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Bákan náà ni bí ojú kan bá ń wo ibì kan tí èkejì ń wo ibòmíràn. Nígbà tí jẹjẹrẹ náà ṣì wà nínú ẹyinjú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ọmọ tó bá rí ìtọ́jú tó péye ló ń yè é. Nígbà tó bá ti yọ ẹyinjú jáde, tó ti gba iṣan ojú lọ sí ọpọlọ, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ òbí dúró láàárín ìgbà méjèèjì yìí ni pé dókítà ní kí wọ́n yọ ojú náà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni. Àmọ́ ojú tí jẹjẹrẹ ti kún inú rẹ̀ kò sábà ríran mọ́, ohun tí wọ́n sì fẹ́ fi gbà là ni ẹ̀mí àti ojú kejì. Ọmọ olójú kan yóò lọ sílé ìwé, yóò kọ́ṣẹ́, yóò bímọ. Nígbà mìíràn jẹjẹrẹ ojú yìí ń ti inú ìdílé wá, pàápàá bí ojú méjèèjì bá ní in, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n yẹ ojú àwọn àbúrò ọmọ náà wò láti ìgbà tí wọ́n bá ti bí wọn.

Kókó ọrùn ló ṣòro jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí pé kò sí ọmọ tí kì í ní in. Ọ̀nà ọ̀fun tó ń dun ọmọ, etí tó ń ṣọyún, egbò orí, gbogbo wọn ló lè mú kókó yọ lọ́rùn, yóò sì rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Èyí tó yẹ kó fún wa ní ìfura ni èyí tí kò dùn ún, tó le, tó ń tóbi sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, tàbí tó yọ lókè egungun èjìká, pàápàá bí ọmọ náà bá ń rù, tó ń làágùn lóru. Ikọ́ ife náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbí, ibẹ̀ sì ni ewu wà: wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ oògùn ikọ́ ife fún ọmọ láìgé nǹkan kan lára kókó náà wò, kí oṣù púpọ̀ sì kọjá kó tó hàn pé jẹjẹrẹ Hodgkin ni. Àbùkù kọ́ ni fún òbí láti bi dókítà pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé a ti yẹ ẹran kókó yìí wò?”

Ẹ jẹ́ ká padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ká wo bí àkókò ṣe ń lọ. Eyín iwájú nísàlẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ mì lẹ́nu ọmọ, ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́fà. Eyín èrìgì ti ọmọdé kì í mì títí di bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Nítorí náà, bí eyín èrìgì ọmọ ọdún márùn-ún bá ń mì, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì ń wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohun kan ń tì í láti ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ́ láìya àwòrán egungun rẹ̀, ihò eyín náà kò ní jinná, ẹran yóò máa hù jáde níbẹ̀. Wọ́n á ní ó kẹ̀, kẹ́míìsì á fún un ní oògùn apakòkòrò, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì. Àgbo á tẹ̀ lé e, ààwẹ̀ á tẹ̀ lé àgbo. Gbogbo èyí lè má ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ. Ṣùgbọ́n Burkitt wà lára jẹjẹrẹ tó yára jù tí a mọ̀. Iye sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó dà bí ohun tí kò tó nǹkan fún àgbà, ó tó fún un láti kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọ ikùn àti omi ọ̀pá ẹ̀yìn.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà. Ilé ìwòsàn ìjọba tó ń tọ́jú jẹjẹrẹ ọmọdé kò sí ní Ajah. LUTH ní Ìdí-Àràbà ni wọ́n á darí wọn sí, tàbí LASUTH ní Ìkẹjà. Ìyá tó ń gbé Lángbàsá yóò gbé ọmọ tó ń ṣàárẹ̀ sínú ọkọ̀, yóò bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ pàdé, yóò sọ̀ ní CMS tàbí Ọbáléndé, yóò tún wọ òmíràn lọ sí Ojúẹlẹ́gba, kó tó wọ kẹ̀kẹ́. Ojoojúmọ́ tí wọ́n bá ní kó wá nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan kò ní tó: ọjọ́ kan fún gígé ẹran, ọjọ́ kan fún èsì, ọ̀pọ̀ ọjọ́ fún oògùn. Níbi èsì yẹn, iṣẹ́ tó gba ìmọ̀ gidi wà. Lábẹ́ maikirosíkóòpù, àwọn sẹ́ẹ̀lì dúdú kéékèèké á kún ojú gíláàsì bámúbámú, àwọn sẹ́ẹ̀lì ńlá tó mọ́ fẹ́ẹ́rẹ́, tó ń gbé òkú sẹ́ẹ̀lì mì, á sì tàn káàkiri láàárín wọn. Ojú ọ̀run oníràwọ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pe àwòrán yìí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wò lè fura sí i ní ọjọ́ tí gíláàsì bá dé iwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹran náà bá jókòó sínú ìgò nítorí pé owó àyẹ̀wò kò tíì pé, kò sí ìmọ̀ tó lè ràn án lọ́wọ́.

Àwọn kan á ní ọmọ mélòó ni jẹjẹrẹ ń pa, nígbà tí ibà àti ìgbẹ́ gbuuru ń pa èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì? Òótọ́ ni pé kò pọ̀ tó wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 400,000 ọmọdé àti ọ̀dọ́ ló ń ní jẹjẹrẹ lọ́dọọdún ní gbogbo ayé. Ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, ó lé ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún wọn tó ń yè. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí kò rí jájẹ, wọn kò tó 30. Àlàfo yìí ni ìdáhùn mi. Àìsàn kan náà ló ń ṣe wọ́n, orúkọ ọ̀pọ̀ oògùn wọn kò yàtọ̀, ibi tí wọ́n bí ọmọ sí ló ń sọ èyí tí yóò yè. Iye tó sì wà nínú ìwé wa pàápàá kò pé. Ilé ìwòsàn ń ka ẹni tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan. Ní Lẹ́kkí, ọmọ olówó lè ti wọ bàálù lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Ọmọ aláìní létí irà lè kú sílé kí ẹnikẹ́ni tó pe orúkọ àìsàn rẹ̀. Kò sí èyí tí ìwé wa kà nínú àwọn méjèèjì. Ká tó fi iye kékeré náà ṣe ẹ̀rí pé kò ṣe nǹkan, ó yẹ ká rántí àwọn tí wọn kò kà.

Àtakò tó wúwo jù ni ti owó: kí ni àǹfààní ká tètè mọ àìsàn tí a kò lówó láti wò? Ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti kópa nínú wíwá ìwòsàn Burkitt. Victor Anomah Ngu, ọmọ Kamẹrúùnù tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ abẹ ní Ìbàdàn, wà lára àwọn tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn Lasker ní Amẹ́ríkà ní 1972, pẹ̀lú Burkitt fúnra rẹ̀, nítorí iṣẹ́ wọn lórí fífi oògùn wo àrùn yìí. Oògùn cyclophosphamide tí wọ́n lò nígbà náà ṣì ni òpó ìtọ́jú náà dòní. Kò wọ́n tó àwọn oògùn jẹjẹrẹ tuntun, wíwú tó bo ojú ọmọ sì lè bẹ̀rẹ̀ sí fọn láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n bá fà á sí i lára. Ní Màláwì àti Kamẹrúùnù, níbi tí owó kò ti pọ̀, ìtọ́jú tí kò lọ́jú pọ̀ pẹ̀lú oògùn yìí ti gba nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ tó ní Burkitt là. Bí a bá sì tètè mọ̀ ọ́n, owó tí yóò ná ni kò ní pọ̀ tó, nítorí ìtọ́jú á kúrú. Ìrètí lásán kọ́ ni ète tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé kalẹ̀ ní 2018, pé ó kéré tán 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ tó ní jẹjẹrẹ gbọ́dọ̀ máa yè nígbà tó bá fi di 2030; Burkitt àti retinoblastoma wà lára àrùn mẹ́fà tí wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ.

Kò sí ẹni tó ní kí ìyá má gbàdúrà, tàbí kí wòlíì má gbé ọwọ́ lé ọmọ lórí. Àdúrà kò dí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ohun tí mò ń bẹ̀ wọ́n fún ni pé kí wọ́n máa gbàdúrà náà lójú ọ̀nà Ìdí-Àràbà. Ẹ̀yin olórí ìsìn ní Ajah àti Ṣàngótẹ̀dó, ẹ̀yin ni ọ̀pọ̀ òbí ń kọ́kọ́ gbé ọmọ tọ̀ wá. Ẹ lè gba ẹ̀mí là bí ẹ bá lè sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò lónìí, kí ẹ sì bá wọn wá owó ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kù di ti ìjọba. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá owó ìrànwọ́ fún aláìsàn jẹjẹrẹ sílẹ̀ ní 2021, jẹjẹrẹ ọmú, ti ọrùn ilé ọmọ àti ti próstéètì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àrùn àgbà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí wọ́n rí i pé ọmọdé kò ṣẹ́yìn. Kí ìpínlẹ̀ Èkó fi owó gígé ẹran àti àyẹ̀wò rẹ̀ sí abẹ́ ètò ìlera ìpínlẹ̀ náà tí wọ́n ń pè ní Ìlera Èkó fún gbogbo ọmọdé, kí wọ́n sì jẹ́ kí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́dé ní Etí-Ọ̀sà àti Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí lè darí ọmọ tààrà sí LUTH láìgba ẹnu ilé ìwòsàn mẹ́ta kọjá. Ẹ̀yin òbí, ẹ fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ọrùn ọmọ yín nígbà tí ẹ bá ń wẹ̀ fún un, ẹ wo ojú rẹ̀ nínú fọ́tò. Bí wíwú kan kò bá rọlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má ra oògùn apakòkòrò ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹ gbé ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ sì ní kí ó yẹ jẹjẹrẹ wò.